Ìbọn Baba Lára Ògiri: Bí A Ṣe Lè Dá Àwọ̀ Aró Rẹ̀ Sí Lọ́wọ́ Oòrùn àti Ọ̀rinrin

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó jẹ́ pé bí àlejò bá ti wọ inú pálọ̀ rẹ̀, ohun méjì ni yóò kọ́kọ́ kò ó lójú. Èkíní ni àwòrán baba tí ó kọ́ ilé náà. Èkejì ni ìbọn baba náà, tí a fi ìṣó kọ́ sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Baba ti lọ. Ìbọn kò lọ sí oko ọdẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú ilé náà tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Ẹran tí ìbọn yẹn pa ni ìyá tà, owó ẹran náà ni a fi san owó ilé-ìwé, ìwé náà ni ó sì sọ àwọn ọmọ di ènìyàn. Bí àwọn ọmọ bá wá gbé e kọ́ sí ibi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i, wọn kò ṣe àṣejù. Ẹni tí ó ṣe ni lóore, bí a kò bá lè san oore náà fún un mọ́, ó tó, ó sì yẹ, kí a lè tọ́jú ohun èlò tí ó fi ṣe é.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí ni ó ń kú sí ara ògiri. Igbó kò pa wọ́n, òjò oko kò pa wọ́n, ṣùgbọ́n pálọ̀ ń pa wọ́n. Ní àìpẹ́ yìí, a yà kí baba àgbàlagbà kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdẹ. Ó nawọ́ sí ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tí ó kọjú sí fèrèsé ìwọ̀-oòrùn, ó sì fi ìdùnnú sọ fún wa pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òun ń fi ọwọ́ ara òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí òun ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó o, títí yóò fi máa kọ mànà bí ṣíbí fàdákà. Ó ní, “Ẹ wò ó bí ó ti ń dán! Nígbà tí baba mi fi í sílẹ̀, dúdú ni.” Nígbà tí ó ṣe, ó bi wá léèrè bóyá a lè bá òun mọ ọdún tí a rọ ìbọn náà àti ìlú tí ó ti wá, nítorí pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ń bèèrè. A wo ìdí ọ̀pá ìbọn náà, níbi tí àwọn tí ó rọ irú rẹ̀ máa ń lu àmì adé àti lẹ́tà sí, àwọn àmì tí ó ń sọ ibi tí a ti dán an wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe òjìji lásán. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹnu wa wọhò. Dúdú tí baba náà ń wí yìí ni ẹ̀wù tí àwọn alágbẹ̀dẹ wọ̀ fún ìbọn náà, àwọn àmì yẹn sì ni orúkọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fi bọ́ ẹ̀wù náà, ìfẹ́ náà ni ó sì fi pa orúkọ rẹ́. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó dára kí a bá ẹ̀yin baálé àti ẹ̀yin ìyá ilé sọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ yìí: ohun tí ó jẹ́, ohun tí ń bà á jẹ́, àti bí a ṣe lè pa á mọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

KÍ NI ÀWỌ̀ NÁÀ?

Bí ẹ bá wo ìbọn tí a rọ dáradára, tí a kò sì tíì bà jẹ́, ẹ ó rí i pé ara ọ̀pá rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, dúdú náà a máa yí sí àwọ̀ aró, bí ẹtù tí a rẹ ní àrẹtúnrẹ. Nítorí èyí ni àwọn ènìyàn fi ń rò pé a rẹ irin náà ní aró ni, tàbí pé a fi ọ̀dà kùn ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ náà kì í ṣe aró, kì í sì í ṣe ọ̀dà. Ìpaárà ni.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yà yín lẹ́nu. Ìpaárà irin kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Pupa wà, dúdú sì wà. Ìpaárà pupa ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ lára àdá àti ọkọ́ tí a gbàgbé sí oko: a máa wú, a máa ṣí kúrò bí èèpo igi, a sì máa jẹ irin lọ títí yóò fi di ihò. Ṣùgbọ́n ìpaárà dúdú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní magnetite, kì í wú bẹ́ẹ̀. Ó le, ó sì lẹ̀ mọ́ ara irin tímọ́tímọ́.

Ẹ gbọ́ bí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ṣe ń mú un jáde. Ní ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbọn tí a kó wá tà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti wá, tí a sì dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní 1813, ọ̀nà àtijọ́ ni èyí: wọn a fọ gbogbo ọ̀rá kúrò lára ọ̀pá ìbọn; wọn a fi omi kan tí ó ní ásíìdì díẹ̀ pa á lára; wọn a sì gbé e sí ibi tí ó ní ọ̀rinrin, kí ó lè mọ̀ọ́mọ̀ dípaárà pupa. Lẹ́yìn èyí wọn a sè é nínú omi híhó, omi náà a sì sọ ìpaárà pupa di dúdú. Wọn a fi búrọ́ọ̀ṣì onírun wáyà wẹ́wẹ́ gbọn èyí tí kò lẹ̀ dáradára dànù, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí ni wọn yóò ṣe é léraléra, fún ọjọ́ púpọ̀, títí àwọ̀ náà yóò fi jinlẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà mìíràn tí ó yá ju èyí lọ gbilẹ̀: a ó ri irin náà sínú kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn tí ń se ọṣẹ mọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ mìíràn, tí a sè títí gbígbóná rẹ̀ fi tó nǹkan bí 140 lórí òṣùwọ̀n Celsius, láàrin ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, dúdú náà a yọ.

Ǹjẹ́ ẹ rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀? Ọ̀tá ni wọ́n mú, tí wọ́n sọ di olùṣọ́. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ yìí ní àbùkù méjì tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ìbọn mọ̀. Àbùkù kìíní ni pé ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ní í nípọn ju nǹkan bí mìlímítà kan lọ. Irun orí ènìyàn kan ṣoṣo nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po àádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbé eérú àti yanrìn tì í, kí ni yóò ṣẹ́kù? Àbùkù kejì ni pé kò dí. Ó dàbí ìkòkò amọ̀ tí a fi ń pọn omi mímu: ojú wa kò rí ihò kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ omi ń yọ ní ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi lè gba inú dúdú yìí kọjá lọ bá irin.

Kí wá ni ìwúlò rẹ̀? Ìwúlò rẹ̀ ni pé a máa di òróró mú. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ìbá jẹ́ ọ̀nà fún omi náà ni ó ń fa òróró sínú, tí kò sì jẹ́ kí ó tètè ṣàn lọ. Nítorí náà ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀wù ni àwọ̀ aró náà, kì í ṣe agboòrùn. Òróró tàbí ìda tí a fi pa á lára ni agboòrùn. Ìbọn dúdú tí kò ní òróró lára dàbí ẹni tí ó wọ ẹ̀wù ẹtù jáde sínú òjò. Ẹ̀wù náà dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yóò tutù.

OHUN TÍ OÒRÙN Ń ṢE

Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé oòrùn ń mú kí àwọ̀ ìbọn ṣá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mú kí àdìrẹ ṣá, kò sọ òtítọ́ tán. Aró inú aṣọ ń ti ara ewé wá, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì lè tú u ká. Ṣùgbọ́n dúdú ara ìbọn jẹ́ irin àti afẹ́fẹ́ tí ó ti di ọ̀kan, kò sì rọrùn fún ìmọ́lẹ̀ láti yà wọ́n. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí ìbọn tí àwọ̀ rẹ̀ yí sí elése-àlùkò, ẹ má ṣe tètè dá oòrùn lẹ́bi. Ohun tí ó sábà ń fà á ni irú irin tí a fi rọ ọ́, tàbí gbígbóná omi tí a rì í sí ní ọjọ́ tí a ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ìbọn. Iṣẹ́ ibi mẹ́ta ni ó ń ṣe. Èkíní, ó ń mú òróró kúrò. Bí ọ̀pá ìbọn bá gbóná ní ọ̀sán, òróró ara rẹ̀ a di ṣíṣàn, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí. Èyí tí ó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a fò lọ sínú afẹ́fẹ́, èyí tí ó ṣẹ́kù a sì dì bí oje igi, a máa kó eruku mọ́ra. Èkejì, ó ń ba igi jẹ́. Ìdí ìbọn tí a fi igi walnut ṣe, èyí tí ó jẹ́ pípọ́n-dúdú nígbà tí a rà á, a máa ṣì díẹ̀díẹ̀ ní iwájú fèrèsé, fáníṣì ara rẹ̀ a sì máa là. Awọ tí a fi ń gbé e kọ́ èjìká a máa gbẹ, a sì máa já. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ọ̀sán gangan tó nǹkan bí 100,000 lux, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sábà jẹ́ kí ó ju 200 lọ lórí igi, tàbí 50 lórí aṣọ tí a pa láró. Ẹ má sì ṣe rò pé nítorí pé fèrèsé ní gíláàsì ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Gíláàsì lásán ń dí apá kan nínú ìtànṣán tí ń jó nǹkan, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí apá tí ó pọ̀ kọjá.

Ẹ̀kẹta, èyí ni ó burú jù, oòrùn ń pe omi. Ó lè dàbí àlọ́ létí yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a là á yéni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé omi púpọ̀ dání. Afẹ́fẹ́ tútù kò lè gbé tó bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá mú ìbọn àti àpótí oní-gíláàsì tí ó wà nínú rẹ̀ gbóná ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ inú àpótí a fa ọ̀rinrin láti ara igi àti láti ara aṣọ tí a tẹ́ sí i nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, afẹ́fẹ́ náà kò lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́, a sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí irin gẹ́gẹ́ bí ìrì. Ní òwúrọ̀, ìrì náà ti lè gbẹ kí onílé tó jí. Kò rí nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

OHUN TÍ Ọ̀RINRIN Ń ṢE

Irin kì í dúró de ìgbà tí a bá da omi sí i lára kí ó tó dípaárà. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 60 nínú 100, ìpaárà a bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ní ìlú Èkó àti ní gbogbo etí òkun wa, ó sábà máa ń kọjá 80 ní àkókò òjò. Ẹ̀yin tí ń gbé níbẹ̀ tún ní ọ̀tá mìíràn, èyíinì ni iyọ̀ tí atẹ́gùn ń gbé wá láti òkun. Ẹ rántí bí iyọ̀ inú àwo ṣe máa ń lómi ní oṣù Òkúdù àti Agẹmọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu omi sí i. Bí ọ̀rinrin bá ti tó nǹkan bí 75 nínú 100, iyọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láti inú afẹ́fẹ́ títí òun tìkára rẹ̀ yóò fi di omi. Hóró iyọ̀ kan tí ojú kò lè rí, bí ó bá bà lé ọ̀pá ìbọn, ohun kan náà ni yóò ṣe: yóò di ìkán omi iyọ̀ kékeré, yóò sì máa gbẹ́ irin níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Nínú ilé tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ewu mìíràn wà tí àwọn baba wa kò mọ̀. Ẹ̀rọ náà ti mú yàrá tutù, ìbọn pẹ̀lú ti tutù. Lójijì iná ọba lọ, a sì ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Afẹ́fẹ́ òde tí ó gbóná, tí ó sì kún fún omi, a bá irin tútù pàdé, ìbọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn gẹ́gẹ́ bí ìgò omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde láti inú fíríìjì. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan, ìrì mélòó ni yóò bọ́ sí i lára ní ọdún kan?

Ọyẹ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ọyẹ́ kò mú ìpaárà wá, nítorí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n igi ìdí ìbọn a máa súnkì, a sì lè là níbi tí ó ti bá irin pàdé. Eruku ọyẹ́ a sì bo òróró ara ìbọn mọ́lẹ̀. Bí òjò bá tún padà dé, eruku náà a di aṣọ tútù tí a fi yí irin ká.

Síbẹ̀, bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ọ̀tá tí ó sún mọ́ ìbọn jù lọ ni ọwọ́ àwa tìkára wa. Òógùn ènìyàn ní omi, ó ní iyọ̀, ó sì ní ásíìdì díẹ̀. Àlejò dé, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n wò ó”. Ó gbé e, ó fọwọ́ pa á lára, ó gbé e padà. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìka mẹ́rin àti àtàǹpàkò àlejò náà a yọ lára ọ̀pá ìbọn ní pupa, bí ẹni pé ó fi tẹ ìwé.

KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Kí a tó sọ nǹkan kan nípa òróró, ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí a kò gbọdọ̀ ṣàì sọ. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ìbọn àtijọ́ tí a ń ti ẹnu ki lè wà ní kíkì láti ìgbà ayé baba títí di òní, nítorí pé ẹtù dúdú tí kò bá rí omi lè pa agbára rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹ máa ka gbogbo ìbọn sí èyí tí a ti kì, títí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì jẹ́rìí pé òfìfo ni. Ẹ má ṣe fi iná yá a, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé gbé e ṣeré, ẹ má sì ṣe tọ́jú ọta tàbí ẹtù sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti òfin. Ní Nàìjíríà, láti ìgbà Òfin Ìbọn ti 1959, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ní ìbọn ní ìkáwọ́ láìní ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ baba kì í sì í ṣe ti ọmọ. Pé a kọ́ ọ sí ara ògiri fún ẹwà kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin. Ẹni tí ó bá jogún ìbọn, kí ó tètè tọ àwọn ọlọ́pàá lọ láti bèèrè ohun tí ó yẹ kí òun ṣe, kí ohun ìrántí má baà di ohun ẹjọ́.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ RẸ̀

Ìkíní: ibi tí a ó gbé e sí. Ẹ yan ògiri àárín ilé, kì í ṣe ògiri tí òjò ń gbá lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀rinrin a máa gba inú símẹ́ńtì kọjá. Ẹ má ṣe gbé e kọjú sí fèrèsé ìlà-oòrùn tàbí ti ìwọ̀-oòrùn. Bí kò bá sí ibòmíràn, kí aṣọ fèrèsé tí ó nípọn wà níbẹ̀, kí a sì máa fà á ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí àlàfo bí ìka méjì wà láàrin ìbọn àti ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà gbà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ̀ tí a fi gbé e kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ irin lásán tí yóò máa ha á lára. Ẹ fi aṣọ òwú mímọ́ tí ó gbẹ wé e.

Ìkejì: fífọ̀ ọ́ mọ́. Aṣọ òwú rírọ̀ tí a ti fọ̀ léraléra ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ní in. Ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku kúrò, nítorí pé eruku tí a bá fi aṣọ nù tipátipá dàbí yanrìn. Ẹ jìnnà sí ọsàn wẹ́wẹ́, ọtí kíkan, eérú, wáyà tí a fi ń fọ ìkòkò, àti èròjà tí a fi ń dán idẹ. Ohun kíkan èyíkéyìí tí ó lè yọ ìpaárà pupa yóò yọ dúdú pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì.

Ìkẹta: òróró. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, èyí tí ó mọ́ gaara, dára fún iṣẹ́ yìí, ó sì wà ní ọjà gbogbo. Ìkán mélòó kan lórí aṣọ tó. Kí ẹ fi pa gbogbo irin náà lára, kí ẹ sì fi aṣọ mìíràn nù ún títí tí yóò fi ku ìwọ̀nba tí ọwọ́ lè mọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kò rí. Òróró tí ó pọ̀ jù kì í ṣe ìtọ́jú. A máa ṣàn wọ inú igi, a sì máa sọ igi di rírọ̀. Ẹ má ṣe lo epo pupa, òróró ẹ̀pà, àdín tàbí òrí. Ohun jíjẹ ni wọ́n; bí wọ́n bá pẹ́ wọn a kan, wọn a sì dì mọ́ irin. Kẹrosíìnì pẹ̀lú kò tó, nítorí pé a máa fò lọ, a sì máa fi irin sílẹ̀ ní ìhòhò.

Ìkẹrin: ìda. Fún ìbọn tí kò ní í kúrò lára ògiri mọ́, ìda dára ju òróró lọ, nítorí pé kì í ṣàn, kì í sì í kó eruku. Irú èyí tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò ni èyí tí a yọ láti inú epo rọ̀bì. Àwọn onímọ̀ ní British Museum ni ó ṣe àdàlù rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, a sì ń tà á títí di òní ní orúkọ Renaissance Wax. Ẹ fi aṣọ mú díẹ̀, kí ẹ fi pa irin tí ó ti mọ́, tí ó sì ti gbẹ, lára. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ dán an. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ọdún tó.

Ìkarùn-ún: àpótí. Bí ẹ bá fẹ́ àpótí oní-gíláàsì, kí ó dé dáradára, kí ó má sì ṣe sí nínú oòrùn. Ẹ fi silica gel sínú rẹ̀, èyíinì ni àwọn àpò kékeré tí ó ní hóró wẹ́wẹ́ nínú, tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. A máa fa ọ̀rinrin mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí ó bá yó, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. A gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a yá a gbẹ. Ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin kò wọ́n; ẹ fi ọ̀kan síbẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti jẹ́ kí ó wà láàrin 40 àti 50 nínú 100. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin yóò jìyà. Bí ó bá dín púpọ̀, igi yóò là. Ẹ má ṣe fi fóòmù tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi ìbọn pamọ́ sínú àpò awọ, nítorí pé awọ a máa di omi mú, èròjà tí a fi ṣe é a sì máa jẹ irin. Ẹ má sì ṣe fi àkísà dí ẹnu ìbọn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ti ọ̀rinrin mọ́ inú ilé.

Ìkẹfà: bí ìpaárà bá ti yọ. Ẹ má fòyà, ẹ má sì kánjú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi òróró rin ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ sì fi aṣọ pa á díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá kúrò, wáyà idẹ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú òróró lè ràn yín lọ́wọ́, nítorí pé idẹ rọ̀ ju irin lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ibi tí ó pamọ́. Bí àmì pupa díẹ̀ bá ṣẹ́kù tí kò tàn kálẹ̀ mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbà fún ẹni tí ó bá ní òun yóò tún un rẹ kí ó lè dàbí tuntun. Láti rẹ ẹ́ tuntun, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó ti àtijọ́ kúrò, àmì alágbẹ̀dẹ a sì bá a lọ.

Ẹ̀yin olùkà wa, ẹ rántí pé kì í ṣe irin lásán ni a ń tọ́jú. Nínú ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì parí tán títí di 1893, ìbọn Snider àti Martini-Henry tí àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí gbà láti Èkó wà lára ohun tí ó yí ọ̀nà ogun padà ní ilẹ̀ wa. Nípa àmì kékeré tí ó wà lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni onítàn fi ń mọ ìgbà àti ibi tí a ti rọ ọ́. Ẹni tí ó bá fi eérú bó o ti ya ojú ìwé kan kúrò nínú ìwé tí kò sí ẹlòmíràn tí ó ní irú rẹ̀.

Ní ti baba àgbàlagbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a kò lè purọ́ fún un. A sọ òtítọ́ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìyókù ńkọ́?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Ìyókù wà. Lábẹ́ irin tí a fi ń gbá apá ìdí mú, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọ̀ aró náà ṣì wà ní dúdú kíjikíji, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò kan. Ó ti ṣí ìbọn náà nípò kúrò níwájú fèrèsé; ó sì ti pa ọsàn wẹ́wẹ́ tì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ni ó ń bá a fi òróró nù ún nísinsìnyí, ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Kí ọmọ náà tó fọwọ́ kàn án, baba a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó wò ó pé òfìfo ni, nígbà tí wọ́n bá sì nù ún tán, a fi ibi dúdú yẹn hàn án, a ní, “Bí baba mi ti fi í lé mi lọ́wọ́ nì yẹn.”